Bí Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì Ṣe Wọ Yunifásítì

Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a kí ìrun Àlàásárì tán, àgbà kan nínú ìjọ wa fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́bàá ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Ó ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọbìnrin mi tí ẹ mọ̀ yẹn, iṣẹ́ dókítà ni ó fẹ́ lọ kọ́. Nígbà tí orúkọ jáde, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni yunifásítì fún un. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọdún márùn-ún gbáko, kí ó tó lọ máa ru póò aláìsàn! Ṣé ohun tí ènìyàn ń lọ kọ́ ní yunifásítì nìyẹn?" Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní, "Àlàájì, ẹ fún mi láàyè díẹ̀, n ó dá yín lóhùn."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìdáhùn tí mo wá fún Àlàájì ni mo kọ sílẹ̀ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti òun nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé ojú ni a fi ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, pé ẹni tí ó bá ti ní àánú àti ọwọ́ tí ó yá, ó ti tó. Àwọn nọ́ọ̀sì pàápàá kì í fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí ilé-ìwòsàn kọ́ a máa sọ pé àwọn ọmọ yunifásítì kò mọ̀ ju ìwé lọ. Àwọn ọmọ yunifásítì náà a máa fèsì pé ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ń ṣe, wọn kò mọ ìdí rẹ̀. Ìtàn ni ó lè bá wa dá ẹjọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

ÀGỌ́ INÚ MỌ́SÁLÁSÍ

Kí á tó dé ọ̀dọ̀ òyìnbó, ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí ó wà nílé. Ní ọdún karùn-ún Hìjírà, èyí tí í ṣe ọdún 627, ogun Kòtò wáyé ní Mẹ̀dínà. Ọfà ba Saad ọmọ Muaadh, ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú Ansáárì. Wọ́n gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí ó ń jẹ́ Rufaida, ará ẹ̀yà Aslam, tí àgọ́ rẹ̀ wà nínú mọ́sálásí Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Iṣẹ́ obìnrin yìí ni láti máa tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Ànábì fúnra rẹ̀ a máa yà wo Saad ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, a sì máa béèrè bí ara rẹ̀ ti rí.

Rufaida nìkan kọ́. Ummu Atiyya sọ pé ogun méje ni òun bá Ànábì lọ, tí òun ń se oúnjẹ, tí òun ń wo ọgbẹ́, tí òun sì ń tọ́jú aláìsàn. Rubayyi ọmọ Muawwidh náà sọ pé àwọn obìnrin a máa fún àwọn jagunjagun ní omi mu, wọn a sì máa gbé àwọn tí ó gbọgbẹ́ padà sí Mẹ̀dínà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé iṣẹ́ yìí kò yẹ ọmọbìnrin Mùsùlùmí, kí á bi í léèrè pé ta ni ó sọ fún un.

Nígbà tí ó pẹ́, àwọn ọba Mùsùlùmí kọ́ ilé-ìwòsàn ńláńlá. Ọba Nur al-Din kọ́ ọ̀kan sí Dàmásíkù ní ọdún 1154. Ọba Qalawun kọ́ ọ̀kan sí Káírò ní 1284. Yàrá àwọn ọkùnrin yàtọ̀ sí ti àwọn obìnrin níbẹ̀, àwọn olùtọ́jú aláìsàn sì wà fún ìhà méjèèjì. Ní Dàmásíkù, oníṣègùn a máa káàkiri láàrin àwọn aláìsàn pẹ̀lú àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá parí, wọn a jókòó nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwòsàn kan náà, wọn a ṣí ìwé, wọn a sì jọ máa yẹ ọ̀rọ̀ wò. Àwọn oníṣègùn ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún nígbà náà, ṣùgbọ́n kí ẹ fi ètò rẹ̀ sọ́kàn: aláìsàn kọ́kọ́, ìwé tẹ̀lé e, abẹ́ òrùlé kan náà ni méjèèjì sì wà. A ó tún padà sí ọ̀rọ̀ yìí.

OGUN CRIMEA ÀTI ILÉ-Ẹ̀KỌ́ NIGHTINGALE

Ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì gbà dé ọ̀dọ̀ wa gan-an, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní ọdún 1854, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé gbè sẹ́yìn ìjọba Mùsùlùmí ilẹ̀ Tọ́kì láti bá Rọ́ṣíà jà, wọ́n rán obìnrin kan tí ó ń jẹ́ Florence Nightingale lọ sí Scutari pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì 38. Scutari yìí ni a ń pè ní Üsküdar lónìí, apá kan ìlú Istanbul ni. Bárékè àwọn ọmọ-ogun Tọ́kì ni wọ́n sọ di ilé-ìwòsàn. Ohun tí ó bá níbẹ̀ burú jáì. Ìdọ̀tí kún ilẹ̀, omi ẹ̀gbin ń ṣàn lábẹ́ ilé, àrùn ìgbẹ́ gbuuru àti ibà sì ń pa àwọn ọmọ-ogun ju ọgbẹ́ ogun lọ.

Àwọn ènìyàn rántí Nightingale pẹ̀lú àtùpà tí ó máa ń gbé káàkiri lóru. Èyí tí wọn kì í sábà rántí ni pé oníṣirò ni. Ó ka iye àwọn tí ó kú, ó kọ ohun tí ó pa ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ó sì fi han ìjọba pé ìdọ̀tí ni ọ̀tá tí ó pọ̀ jù. Nígbà tí ogun parí, wọ́n dá owó jọ fún un, owó náà ni ó fi dá ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ilé-ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1860. Láti ìgbà náà ni a ti gbà káàkiri ayé pé iṣẹ́ tí a ń kọ́ ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè já wọ̀.

Ṣùgbọ́n inú ilé-ìwòsàn ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀lé e. Àṣà yìí ni ó gbilẹ̀, òun náà ni ó sì bí wàhálà tí a fẹ́ sọ yìí.

ÌDÍ TÍ A FI Ń WÁ YUNIFÁSÍTÌ

Ẹ jẹ́ kí á fi í wé ọmọṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀. Ọmọṣẹ́ wá kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá ní aṣọ oníbàárà tí ó gbọ́dọ̀ parí kí Iléyá tó dé. Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, ta ni ó ráyè kọ́ ọmọ ní bí a ṣe ń gé ọrùn aṣọ? Ìdí bọ́tìnnì ni ọmọ yóò máa rán títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí ó ti rí gan-an nìyẹn fún àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n jẹ́, òṣìṣẹ́ ni wọ́n sì tún jẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá dín ní wọ́ọ̀dù, a óò fagi lé ẹ̀kọ́, a óò ní kí wọ́n lọ tẹ́ ibùsùn.

Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ kan yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò fínnífínní, ìròyìn wọn tí Josephine Goldmark kọ sì jáde ní ọdún 1923. Ó fi hàn pé àǹfààní ilé-ìwòsàn ni wọ́n ń kọ́kọ́ rò, ẹ̀kọ́ ọmọ ni ó ń gbẹ́yìn. Yunifásítì Minnesota ti gba ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sí abẹ́ ara rẹ̀ láti ọdún 1909. Ní 1923 yìí kan náà, Yunifásítì Yale dá tirẹ̀ sílẹ̀, níbi tí ó ti jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ni ó ń darí iṣẹ́ wọ́ọ̀dù, kì í ṣe iṣẹ́ wọ́ọ̀dù ni ó ń darí ẹ̀kọ́.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ kò tètè gbà. Ọdún 1956 ni Yunifásítì Edinburgh ní Scotland ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó sì di 1960 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ fún oyè dígírì nínú iṣẹ́ náà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Bìrìtéènì. Ẹ fi ọdún 1960 yìí sọ́kàn, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn kò jìnnà sí i.

BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀ NÍ ILẸ̀ WA

Kí òyìnbó tó dé ni a ti ń tọ́jú aláìsàn. Àwọn ìyá àgbà tí ń gbẹ̀bí wà, àwọn tí ń to eegun wà, àwọn tí ń jókòó ti aláìsàn lóru náà sì wà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí bá ilé-ìwòsàn wọlé ni. Ní ọdún 1895 ni ìjọ Àgùdà dá ilé-ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò ní Abẹ́òkúta. Ìjọba òyìnbó àti àwọn ìjọ mìíràn kọ́ tiwọn síbí sọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n gbà ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹni tí ó fọ ilẹ̀ lónìí lè máa wẹ ọgbẹ́ lọ́la.

Òfin àwọn agbẹ̀bí jáde ní ọdún 1930. Òfin ìforúkọsílẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì tẹ̀lé e ní 1947, láti ìgbà náà ni ó sì ti di dandan kí nọ́ọ̀sì ṣe ìdánwò kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé. Ní 1979 ni ìjọba pa ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì àti ti agbẹ̀bí pọ̀ sí ọ̀kan ṣoṣo, òun ni Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ilẹ̀ Nàìjíríà tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà títí di òní.

Nígbà tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, ó di dandan kí ilé-ìwòsàn ńlá wà tí àwọn dókítà yóò ti kọ́ṣẹ́. Adéọ̀yọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Òfin tí ó dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Họ́sípítù, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní UCH, sílẹ̀ jáde ní 1952. Ọdún náà ni ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1957 ni wọ́n ṣí ilé-ìwòsàn náà gan-an, pẹ̀lú 500 ibùsùn. Ibi yìí ni obìnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti lo ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ rẹ̀.

KOFOWORỌLÁ ABẸ̀NÍ PRATT

Ọmọ Èkó ni. Láti ìgbà èwe ni ó ti fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò fọwọ́ sí i. (Àlàájì, ṣé ẹ ń gbọ́?) Ó lọ di tíṣà, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ CMS ní Èkó. Ó fẹ́ ọkọ tí ó jẹ́ apòògùn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, òun náà lọ, ní ọdún 1946 sì ni ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí Nightingale dá sílẹ̀ ní St Thomas'. Ìyàwó ilé ni nígbà náà, ìyá ọmọ sì ni. Kò jẹ́ kí ìyẹn dí òun lọ́wọ́.

Àwọn aláìsàn kan wà tí wọn kò fẹ́ kí ọwọ́ adúláwọ̀ kan àwọn. Ó fara dà á. Ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní 1950, wọ́n sì ka á sí nọ́ọ̀sì adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ètò ìlera ìjọba Bìrìtéènì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948. Lẹ́yìn èyí, ó tún kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí.

Ní 1954, ó padà wálé. Ní àkókò náà, ọwọ́ àwọn òyìnbó ni àwọn ipò gíga nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wà. Ó wọ UCH, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ Mátírọ́ọ̀nù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó di olórí gbogbo nọ́ọ̀sì fún ìjọba àpapọ̀. Ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó jẹ́ Kọmíṣọ́nà fún ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ Èkó ní àwọn ọdún 1970, ìgbìmọ̀ Àgbélébùú Pupa ti gbogbo àgbáyé sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Florence Nightingale ní 1973. Ó kú ní ọdún 1992.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí ó kàn wá jù ni ipa tí ó kó láti rí i pé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wọ Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1965. Inú ilé-ìwòsàn ni òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ṣẹ́, nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lókìkí jù ní ayé. Bí ẹnikẹ́ni bá wà tí ó lè sọ pé ọ̀nà àtijọ́ tó, òun ni. Síbẹ̀, ó rí i pé orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira kò lè máa retí pé òyìnbó ni yóò máa wá kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ títí ayé. A gbọ́dọ̀ ní àwọn olùkọ́ tiwa.

ÌBÀDÀN, IFẸ̀ ÀTI ÀWỌN TÍ Ó TẸ̀LÉ WỌN

Ẹ wo ọdún méjèèjì: Edinburgh ní 1960, Ìbàdàn ní 1965. Ọdún márùn-ún péré ni ó wà láàrin wọn. Àwa tí a máa ń rò pé ẹ̀yìn ni a máa ń wà nínú ohun gbogbo, kí á má gbàgbé èyí. Nígbà tí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ dígírì nọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ yunifásítì ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kò tíì ní i.

Àwọn tí Ìbàdàn kọ́kọ́ gbà, nọ́ọ̀sì ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti kọ́ṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn, wọ́n ti ṣiṣẹ́, wọ́n wá gba ìmọ̀ sí i kí wọ́n lè jẹ́ olùkọ́ àti alákòóso. Ọwọ́ wọn ti mọ iṣẹ́ kí ìwé tó dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 1987, gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí kò mọ ọ̀nà wọ́ọ̀dù rí, láti sọ ọ́ di nọ́ọ̀sì pátápátá lábẹ́ yunifásítì. Ọ̀nà ti Ifẹ̀ yìí ni ó wá gbilẹ̀. Lónìí, yunifásítì púpọ̀ ni ó ń kọ́ ọ, láti Ìlọrin títí dé Zaria àti Kano, Ìbàdàn fúnra rẹ̀ sì ń gba àwọn ọmọ girama pẹ̀lú.

Níbí ni ìbéèrè ńlá ti dìde. Ẹni tí ó ti ṣe nọ́ọ̀sì kí ó tó wá, ó gbé wọ́ọ̀dù wá sínú ìwé. Ọmọ tí kò ṣe é rí ńkọ́? Ta ni yóò fi wọ́ọ̀dù hàn án?

OHUN TÍ WỌ́N Ń KỌ́

Ọdún márùn-ún ni ọmọ tí ó ti girama wọlé ń lò. Ọdún kìn-ín-ní, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ sí ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara àti bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, nípa kòkòrò àrùn, oògùn, oúnjẹ àti ìwà ènìyàn. Àkókò yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ara ọmọláńgidi ni ó ti kọ́kọ́ ń kọ́ ọ nínú yàrá ẹ̀kọ́: bí a ti ń tẹ́ ibùsùn tí aláìsàn wà lórí rẹ̀, bí a ti ń gún abẹ́rẹ́, bí a ti ń wọn ìfúnpá. Fífọ ọwọ́ pàápàá, ẹ̀kọ́ ni. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 sí 60 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí á fi fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kí á má sì gbàgbé àárín ìka àti àtàǹpàkò. Ọmọ tí ó ti ń ṣe àlùwàlá láti kékeré kò ní rí èyí bí ohun àjèjì.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́ọ̀dù. Wọn yóò wà ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ó ní àìsàn inú, wọn yóò wà níbi iṣẹ́ abẹ, níbi ìgbẹ̀bí, ní ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé, ní ọ̀dọ̀ àwọn tí orí wọn dàrú. Wọn yóò sì lọ sí ìgbèríko láti máa wọ ojúlé dé ojúlé. Wọn yóò ṣe iṣẹ́ òru. Ìwé kan wà lọ́wọ́ wọn tí olùkọ́ ń fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n bá ṣe ohun kọ̀ọ̀kan. Bí dígírì bá wà lọ́wọ́ tí wọn kò bá yege nínú ìdánwò Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí, wọn kò tíì di nọ́ọ̀sì.

Ẹ wá jẹ́ kí á dá Àlàájì lóhùn lórí ọ̀rọ̀ póò. Kí ni ó wà nínú póò? Ẹni tí kò kọ́ ẹ̀kọ́ yóò dà á nù. Nọ́ọ̀sì yóò kọ́kọ́ wọn ìtọ̀ náà. Bí àgbàlagbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún bá ń tọ̀ dín ní nǹkan bí 30 mílílítà ní wákàtí kan, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú rẹ̀ tàbí pé kíndìnrín rẹ̀ ń daṣẹ́ sílẹ̀, kí ojú tó rí i, kí aláìsàn tó kígbe. Nọ́ọ̀sì yóò wo àwọ̀ rẹ̀. Yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò fi wé ti àná, yóò sì ránṣẹ́ pe dókítà. Ẹ̀mí ènìyàn ni ó wà nínú póò yẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí kò lè dìde ní ibùsùn. A gbọ́dọ̀ máa yí i padà láti ìgbà dé ìgbà, nǹkan bí wákàtí méjì-méjì ni wọ́n máa ń kọ́ wọn. Ìdí rẹ̀ ni pé ìwúwo ara lórí eegun ìbàdí àti gìgísẹ̀ ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ẹran ara yóò kú níbẹ̀, yóò sì di egbò. Ẹni tí a kọ́ pé "ẹ máa yí i" yóò yí i bí ọ̀gá bá wà níbẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀ yóò yí i ní aago mẹ́ta òru tí kò sí ẹni tí ń wò ó, àfi Ọlọ́hun. Yóò sì mọ ẹni tí ó yẹ kí á tètè yí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní ọdún 2003, Linda Aiken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ilé-ìwòsàn 168 ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé bí iye àwọn nọ́ọ̀sì tí ó ní dígírì bá fi mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ewu ikú àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún a máa fi nǹkan bí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Nígbà tí wọ́n tún wo orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Yúróòpù, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2014, nǹkan bí méje nínú ọgọ́rùn-ún ni ó jẹ́ níbẹ̀. A kò lè sọ pé dígírì nìkan ni ó fà á, nítorí ilé-ìwòsàn tí ó bá wá nọ́ọ̀sì tí ó kàwé a máa tún ohun mìíràn ṣe pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń sọ pé ìwé kò wúlò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kí ó ro èyí wò.

ỌWỌ́ ỌMỌDÉ KÒ TÓ PẸPẸ

Ǹjẹ́ àwọn àgbà nọ́ọ̀sì tí ń bínú sí àwọn ọmọ yunifásítì kò wá ní àwíjàre ni? Wọ́n ní. Ní àtijọ́, ẹni tí ń kọ́ ọmọ nínú kíláàsì náà ni ó ń bá a wọ wọ́ọ̀dù. Nígbà tí ẹ̀kọ́ di ti yunifásítì, ìgànná dìde láàrin ilé méjì. Olùkọ́ wà ní yunifásítì, ó ń kọ ìwé kí ó lè gba ìgbéga. Sístà wà ní wọ́ọ̀dù, aláìsàn pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Ọmọ wà láàrin, kò mọ ti ẹni tí yóò gbọ́.

Mo ti rí i fúnra mi. Ìyá mi wà ní ilé-ìwòsàn kan nígbà kan, tí n kò ní dárúkọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tí ó wá ní àárọ̀ ọjọ́ kan tó mẹ́wàá, wọ́n dúró yí ibùsùn ká, ìwé wà lọ́wọ́ wọn. Olùkọ́ kò bá wọn wá. Sístà ń sáré kiri. Wọ́n kọ ohun tí ó wà lára fáìlì sílẹ̀, wọ́n sì lọ. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan ìyá mi nínú wọn, kò sì sí ẹni tí ó béèrè bí ó ti sùn. N kò bá àwọn ọmọ náà wí, nítorí ẹni tí kò bá rí ẹni mú un lọ́wọ́ kò lè mọ ibi tí yóò fọwọ́ sí.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ yunifásítì mọ ìdí rẹ̀, sístà àgbà mọ bí a ti ń ṣe é. Sístà tí ó ti lo ogún ọdún lè wọ wọ́ọ̀dù kí ó kàn wo ojú aláìsàn, kí ó sì sọ pé, "Ara ẹni yìí kò dá." Kò sí ìwé tí ó lè kọ́ ọmọ ní ojú yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni ó wà.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí ní òkúnkúndùn kò fi í sílẹ̀ fún oríire. Láti ọdún 2013, ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti dígírì ni yóò kọ́. Ṣùgbọ́n wákàtí 4,600 ni wọ́n fi lélẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà, ìdajì rẹ̀, 2,300, sì jẹ́ ti ẹnu iṣẹ́. Wọ́n gbé ẹ̀kọ́ kúrò lábẹ́ ilé-ìwòsàn, ṣùgbọ́n wọn kò gbé ọmọ kúrò lọ́dọ̀ aláìsàn. Bí àwa náà bá fẹ́ kí dígírì nọ́ọ̀sì ní ìtumọ̀, a gbọ́dọ̀ rí i pé olùkọ́ yunifásítì ń wọ wọ́ọ̀dù, pé sístà tí ń kọ́ ọmọ ń rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, àti pé àwọn ọmọ tí a ń gbà wọlé kò ju iye ibùsùn tí wọn yóò ti kọ́ṣẹ́ lọ. Ohun tí wọ́n ti ń ṣe ní Dàmásíkù ayé àtijọ́ nìyẹn: aláìsàn àti ìwé lábẹ́ òrùlé kan náà.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà. Kofoworọlá Pratt lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ṣẹ́, ó sì padà wá kọ́ àwọn ọmọ wa. Lónìí, ilé ni a ti ń kọ́ wọn, Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀pọ̀ ń gbé iṣẹ́ náà lọ. N kò dá wọn lẹ́bi, ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ wàásù. Ṣùgbọ́n gbogbo sístà àgbà tí ó bá lọ, olùkọ́ kan ni ó fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀ yẹn. Kí àwọn tí ń ṣe ìjọba ro ìyẹn náà mọ́ owó oṣù tí wọ́n ń san.

ÌKÁDÌÍ

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún Àlàájì nìyí, mo kàn fi iyọ̀ díẹ̀ sí i níbí. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Tíṣà, kí ọmọ náà máa lọ." Ó lọ.

Ó ti ń wọ wọ́ọ̀dù báyìí. Nígbà tí ó wálé fún Iléyá, bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí kí n wá gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Ó ní ní òru ọjọ́ kan, sístà ní kí òun ka èémí ìyá àgbà kan. Òun fẹ́ kà á fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 kí òun sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Sístà ní, "Ìṣẹ́jú kan gbáko ni kí o fi kà á, ọmọ mi." Òun kà á: ó di 28. Òun rántí pé ìwé sọ pé 12 sí 20 ni ti àgbàlagbà, pé èémí a máa yára kí àwọn àmì mìíràn tó hàn. Òun sá lọ sọ fún sístà, wọ́n pe dókítà. Àyà ìyá náà ni àìsàn tuntun ti fẹ́ gbà wọlé. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá náà jókòó, ó ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀kọ mu.

Àlàájì wò mí, ó ní, "Ṣé ẹ rí i, Tíṣà? Ìwé ni ó sọ iye rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n sístà ni ó ní kí ó kà á pé." Mo ní, "Àlàájì, ẹ ti parí ọ̀rọ̀ náà fún mi."

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí ó wúlò, kí Ó sì fún wọn ní ọwọ́ tí wọn yóò fi lò ó. Àmín.